Ta Ló Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Náà? Họ́mónù, Táímọ́ọ̀sì àti Àwọn Ọmọ Ogun Ara

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, títí kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sọ fún pé ẹni tí kò bá wá kò ní gba máàkì. Ìtìjú ara mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún kejì tí mo lò ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, wọ́n fún àwa mẹ́fà ní òkú bàbá àgbàlagbà kan láti fi kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ tèmi lọ́jọ́ náà ni pé kí n ṣí àyà, kí n wá ẹ̀yà ara kan, ẹṣẹ́ kan (gland), tí àwọn dókítà ń pè ní thymus, tí èmi yóò máa pè ní táímọ́ọ̀sì títí a ó fi túká. Mo gbé egungun àyà kúrò lọ́nà, mo sì bá ọ̀rá kan báyìí, ó rọ̀, ó pọ́n rúsúrúsú, ó lẹ̀ mọ́ àpò ọkàn. Mo fi ọ̀bẹ họ ọ́, mo dà á sínú abọ́ tí a ń kó pàǹtí sí, mo sì ń wá táímọ́ọ̀sì kiri. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí olùkọ́ wa tó kàn mí. Ó wo inú àyà, ó wo ojú mi, ó wo inú abọ́, ó ní, "Ohun tí ò ń wá lo ti dà nù yẹn."

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní kí n ṣa ọ̀rá náà padà, kí a gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú rẹ̀, kí a pa á láró, kí a gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo tẹjú mọ́ ọn. Ọ̀rá lọ súà, ṣùgbọ́n láàárín rẹ̀ ni mo ti rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké aláwọ̀ elése àlùkò, wọ́n kóra jọ síbí, wọ́n kóra jọ sọ́hùn-ún, bí abúlé inú ijù. Bàbá yẹn ti lé ní àádọ́rin ọdún kó tó kú. Síbẹ̀, iṣẹ́ ṣì ń lọ ní àwọn abúlé wọ̀nyẹn.

Kí ló sọ odidi ẹṣẹ́ di ọ̀rá? Ọjọ́ orí ní tiẹ̀ nínú, mo máa dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí táímọ́ọ̀sì láti ọjọ́ tí a ti bí wa, ohun tí họ́mónù, ìránṣẹ́ tí ẹ̀yà ara kan ń rán gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá òmíràn, bá sọ sí i létí ni.

Ẹ fi ìka kan egungun àárín àyà yín, lókè, lábẹ́ kòtò ọrùn. Ẹ̀yìn egungun yẹn ni táímọ́ọ̀sì wà, ó sùn lé ọkàn, ó pín sí méjì bí ewé. Lára ọmọ ọwọ́, ó tóbi débi pé bí a bá ya fọ́tò àyà ọmọ, òjìji rẹ̀ lè yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ọmọ bá ń bàlágà ló máa ń wúwo jù. Lẹ́yìn náà, ó di pé kó máa joro.

Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà fún. Ọdún 1961 ni Jacques Miller, ọmọ bíbí ilẹ̀ Faransé tó dàgbà ní Ọsirélíà, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní London nígbà náà, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde. Ó yọ táímọ́ọ̀sì lára àwọn ọmọ eku tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lára eku tó ti dàgbà, eku kì í tètè mọ̀ ọ́n lára, ìyẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ẹṣẹ́ náà kò wúlò. Ti àwọn ọmọ eku yàtọ̀. Wọ́n dàgbà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rù, àìsàn ń pa wọ́n. Miller mú awọ ara eku mìíràn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn lára. Ara tó pé kì í gbà á, yóò lé irú awọ àlejò bẹ́ẹ̀ dànù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tiwọn gbà á wọlé, irun tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sì ń hù lára wọn. Àwọn ọmọ ogun tó yẹ kí wọ́n dìde sí àlejò kò sí nílé. Sẹ́ẹ̀lì T ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ ogun wọ̀nyẹn, lẹ́tà T inú orúkọ wọn, táímọ́ọ̀sì ló dúró fún.

Inú mùdùnmúdùn egungun ni àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ti ń wá, ní òpè. Wọ́n á bá ẹ̀jẹ̀ wọ táímọ́ọ̀sì, wọ́n á di ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́. Àwọn ọ̀gá tí wọ́n ń bá níbẹ̀ kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rárá. Sẹ́ẹ̀lì tó na apá bí aláǹtakùn ni wọ́n, wọ́n di ara wọn mú bí àwọ̀n, ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ sì ń rìn gba àárín wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àwọn méjèèjì mọ̀ yàtọ̀, ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti ọ̀gá, torí orí ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń rọ ìkọ́ tirẹ̀, ìyẹn ohun tí yóò fi máa dá ọ̀tá mọ̀. Bí ẹni dìjú mú ọmọ ayò ni ó ṣe ń to jíìnì rẹ̀, ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́, pọ̀, nítorí náà ìkọ́ ẹlòmíì kò ní lè di ohunkóhun mú, ti ẹlòmíì á sì máa di onílé, ìyẹn ara wa fúnra wa, mú. Ọ̀gá ló ń yẹ̀ wọ́n wò. Ní ẹ̀bá ẹṣẹ́ náà, tó máa ń ṣú dúdú lábẹ́ maikirosíkóòpù, ẹni tí ìkọ́ rẹ̀ kò wúlò á kú. Láàárín, níbi tó mọ́ díẹ̀, ẹni tí ìkọ́ rẹ̀ bá gbá onílé mú ṣinṣin á kú, àyàfi bí wọ́n bá sọ ọ́ di ọlọ́pàá tí yóò máa pẹ̀tù sí àwọn yòókù.

Ọgbọ́n tí àwọn ọ̀gá àárín yìí ń lò ṣì ń yà mí lẹ́nu lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní AIRE, tí wọ́n ṣàwárí ní 1997. Ó ń jẹ́ kí wọ́n lè ṣe ín-ín-ní nínú ohun tí ó yẹ kó jẹ́ pé ẹ̀yà ara mìíràn nìkan ló ń ṣe é. Ẹ wo insulin, họ́mónù tó ń ṣàkóso ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, tí ẹṣẹ́ inú ikùn ń ṣe. Ọ̀gá inú táímọ́ọ̀sì á ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ níbẹ̀, nínú àyà, níbi tí kò ti ní ṣúgà kankan láti tọ́jú. Ó kàn fẹ́ gbé e síwájú ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni, kó wò ó bóyá yóò bù ú jẹ. Ajá tí yóò máa bu olówó rẹ̀ jẹ, wọn kì í ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ìdánwò yìí le. Táímọ́ọ̀sì eku kékeré lè ní ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ bíi 200 mílíọ̀nù nínú. Àwọn tó ń jáde lójúmọ́ kò ju mílíọ̀nù kan sí méjì lọ. Àwọn tó kù, ibẹ̀ ni púpọ̀ jù nínú wọn ń kú sí. Sẹ́ẹ̀lì tó ti dúró sí bèbè ikú báyìí, ìtìsọnù díẹ̀ ló kù fún un. Họ́mónù kan tó ń jẹ́ cortisol ni ọwọ́ tó máa ń tì í.

Kí n tó ṣàlàyé ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn dókítà ṣe ṣi ọ̀rọ̀ táímọ́ọ̀sì kà fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, torí ọmọdé ló jìyà rẹ̀. Ní 1889, Arnold Paltauf ní ìlú Vienna kọ̀wé nípa àwọn tó kú lójijì láìsí àìsàn tí ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí wọ́n la òkú wọn, wọ́n bá táímọ́ọ̀sì tó tóbi ju èyí tí ojú àwọn dókítà ti mọ̀. Èrò tó tẹ̀ lé e rọrùn: táímọ́ọ̀sì ńlá ló pa wọ́n. Wọ́n tilẹ̀ fún àìsàn náà ní orúkọ Látìn gbọọrọ kan. Ní 1907, ní Cincinnati ní Amẹ́ríkà, Alfred Friedlander fi ìtànṣán X-ray sí àyà ọmọ ọwọ́ kan kí táímọ́ọ̀sì rẹ̀ lè sún kì. Ó sún kì lóòótọ́, inú gbogbo èèyàn dùn. Láti ìgbà náà títí di bíi 1950, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní àìsàn kankan lára. Ní 1950 ni àwọn dókítà méjì, Duffy àti Fitzgerald, ń wo ìwé àwọn ọmọ tó ní jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ ọ̀fun, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni wọ́n ti fi ìtànṣán sí láyà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́. Ìtànṣán tó lọ bá táímọ́ọ̀sì ti bá aládùúgbò rẹ̀.

Níbo ni wọ́n ti ṣì í? Kò sí ohun tó ṣe táímọ́ọ̀sì àwọn tó kú lójijì. Bó ṣe yẹ kó tóbi nìyẹn. Ti àwọn òkú tí wọ́n fi ń díwọ̀n ni kò rí bó ṣe yẹ. Òkú tálákà ló sábà máa ń dé orí tábìlì àwọn dókítà láyé ìgbà náà: ọmọ tí ebi ti pa títí, ọmọ tó ti fi oṣù mélòó kan jà pẹ̀lú ikọ́ tàbí ìgbẹ́ gbuuru. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó kú, táímọ́ọ̀sì rẹ̀ ti gbẹ. Èmi pẹ̀lú ọ̀rá inú abọ́ mi, ọmọ ìyá ni àṣìṣe wa.

Ọdún 1936 ni ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ọ̀nà tó sì gbà hàn pani lẹ́rìn-ín. Hans Selye, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga McGill ní Montreal, ń wá họ́mónù tuntun. Ó ń fún omi inú ilé-ẹyin màlúù, ó ń gún un sára eku. Nígbà tó la àwọn eku náà, ó bá nǹkan mẹ́ta: ẹṣẹ́ orí kíndìnrín tó wú, ọgbẹ́ inú ikùn, àti táímọ́ọ̀sì tó joro. Ó rò pé ọwọ́ òun ti tẹ họ́mónù tuntun. Láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó gún àwọn eku mìíràn ní fọ́málíìnì, oró tí a fi ń tọ́jú òkú. Nǹkan mẹ́ta kan náà ló bá. Ó fi òtútù hàn wọ́n léèmọ̀, ó mú wọn sáré títí wọ́n fi rẹ̀: kò yí padà. Họ́mónù tuntun di ìtàn, ṣùgbọ́n ó ti rí ohun tó ju ìyẹn lọ, pé ohunkóhun tí ì báà máa ni ara lára, ìdáhùn kan náà ni ara ń fún un, táímọ́ọ̀sì sì wà nínú àwọn tó ń san gbèsè ìdáhùn náà. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "stress" ti wọ ẹnu gbogbo ayé.

Ẹṣẹ́ orí kíndìnrín tó wú yẹn ló ń da cortisol sínú ẹ̀jẹ̀ wa. Àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó wà ní ẹ̀bá ẹṣẹ́, àwọn tí ìdánwò wọn kò tíì parí, ní etí tó ń gbọ́ cortisol dáadáa, wọn kò sì ní ohun tó pọ̀ tó láti fi gba ara wọn sílẹ̀. Ní 1980, Andrew Wyllie ní Edinburgh fi irú họ́mónù yìí sí sẹ́ẹ̀lì táímọ́ọ̀sì eku. Láàárín wákàtí mélòó kan, wọ́n ti ń gé DNA inú ara wọn, okùn tí jíìnì wà lórí rẹ̀, sí wẹ́wẹ́, ìwọ̀n kan náà lọ́tùn-ún lósì, débi pé nígbà tó tò ó sórí jẹ́lì, ó jọ àkàbà. Ẹni tí wọ́n bá yìnbọn fún kì í kú bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ká ẹní rẹ̀, tó gbálẹ̀, tó sì tilẹ̀kùn kó tó lọ ló ń kú bẹ́ẹ̀. Kò sí wíwú, kò sí ọyún. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí á gbé àjẹkù mì.

Ebi pẹ̀lú ní họ́mónù tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀rá ara wa ló ń ṣe leptin. Bí ọ̀rá bá dínkù, leptin á dínkù, táímọ́ọ̀sì á sì gbọ́ pé oúnjẹ kò sí. Ní 1999, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde: wọ́n fi ebi pa eku fún wákàtí 48, táímọ́ọ̀sì wọn wó. Wọ́n fi ebi pa àwọn mìíràn bákan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ń gún wọn ní leptin, tiwọn dúró. Ebi ò yí padà. Ìròyìn nípa ebi ni wọn kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ẹṣẹ́.

Bí ẹ bá bi mí pé kí ló dé tí ara fi ń ṣe ara rẹ̀ báyìí, èrò tèmi ni pé ìṣúná ni. Kíkọ́ ọmọ ogun tuntun jẹ́ owó tí èrè rẹ̀ máa pẹ́ kó tó wọlé. Nígbà tí iná bá ń jó òrùlé, ẹnikẹ́ni kì í kọ́lé mọ́. Cortisol ń sọ fún ara pé kó fi tọ́rọ́ kọ́bọ̀ tó kù ra omi.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ cortisol kò fi yẹ kó dẹ́rù ba yín jù. Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ń bá wí jù, ọ̀gá ṣì jókòó sípò. Bí ìyọnu bá ti lọ, òpè tuntun á wọlé láti inú egungun, ilé iṣẹ́ á tún kún. Àwọn dókítà tó ń wo fọ́tò àyà mọ èyí dáadáa. Ọmọ tí wọ́n wo jẹjẹrẹ rẹ̀ sàn, táímọ́ọ̀sì rẹ̀ lè gbẹ nígbà ìtọ́jú, kó sì padà wú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Mo ti rí òbí tí ọkàn wọn já nítorí fọ́tò bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé jẹjẹrẹ ti padà dé, tó sì jẹ́ pé táímọ́ọ̀sì tó ń jí ni.

Họ́mónù ìbàlágà kì í bá ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ló ń lọ bá.

Ní 1898, ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Calzolari kọ ọ́ sílẹ̀ pé táímọ́ọ̀sì ehoro tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá tóbi ju ti èyí tí wọn kò tẹ̀. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn náà kí a tó mọ ẹni tó ń gbọ́ testosterone, họ́mónù ọkùnrin, nínú ẹṣẹ́ náà. Àdánwò tó fi hàn wá rọrùn, ó sì dára. Irú eku kan wà tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò ní etí fún testosterone láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Wọ́n fi mùdùnmúdùn egungun eku tó gbọ́ràn sí ara èyí tí kò gbọ́ràn, wọ́n tún ṣe é ní ìdàkejì, tí ó fi jẹ́ pé nínú àwọn kan ọ̀gá nìkan ló ń gbọ́, nínú àwọn yòókù ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ nìkan. Wọ́n wá fún gbogbo wọn ní họ́mónù ọkùnrin. Níbi tí ọ̀gá ti ń gbọ́, táímọ́ọ̀sì joro. Níbi tó ti jẹ́ ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ nìkan ló ń gbọ́, kò joro. Ọdún 2001 nìyẹn. Ní 2014, a tún mọ ọ̀kan nínú ohun tí ọ̀gá ń ṣe nígbà tó bá gbọ́: ó ń dín àmì kan tó ń jẹ́ DLL4 kù, láìsí àmì yìí sì rèé, òpè tó wọlé kò ní mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì T ni òun fẹ́ dà.

Ti èèyàn ńkọ́? Àwọn ọkùnrin tó ní jẹjẹrẹ próstéètì máa ń gba abẹ́rẹ́ tó ń pa testosterone lẹ́nu mọ́. Ní 2005, àwọn onímọ̀ wo ẹ̀jẹ̀ irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà tí táímọ́ọ̀sì wọn ti yẹ kó di ọ̀rá, wọ́n sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì T tuntun pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nínú wọn. Àwọn abúlé inú ijù ti gba àlejò.

Àmọ́ ṣá o, mo fẹ́ kọ́kọ́ dá àwọn tó ń pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé testosterone ló ń pa táímọ́ọ̀sì lẹ́kun. Àyè tí àwọn ọ̀gá ń gbà nínú ẹṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù láti ọdún àkọ́kọ́ tí a lò láyé, tí ọmọ kò tíì mọ̀ bóyá akọ ni òun tàbí abo. Ó ń dín bíi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún títí di agbedeméjì ọjọ́ orí, lẹ́yìn náà ìdá kan. Ìbàlágà ṣì jìnnà nígbà tí ìdínkù yìí bẹ̀rẹ̀. Jíìnì kan tó ń jẹ́ FOXN1, tó ń sọ ọ̀gá di ọ̀gá, ló ń rẹ̀wẹ̀sì. Ní 2014, ní Edinburgh, wọ́n tún jíìnì náà ta jí nínú eku arúgbó láìfọwọ́ kan họ́mónù kankan, táímọ́ọ̀sì sì tún kọ́ ara rẹ̀. Nítorí náà, ìbàlágà bá ilé tó ti ń sán tẹ́lẹ̀ ni. Ó kàn fi omi òjò kún un.

Oestrogen, họ́mónù obìnrin, náà ń mú kí táímọ́ọ̀sì sún kì. Ohun mìíràn tó ń ṣe ló gbà mí lọ́kàn jù. Ẹ rántí AIRE, jíìnì tó ń jẹ́ kí ọ̀gá lè fi insulin dán ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ wò. Ní 2016, ìwádìí fi hàn pé oestrogen ń dín AIRE kù, họ́mónù ọkùnrin sì ń fi kún un. Ẹ wá fi èyí ti ohun tí gbogbo dókítà ti mọ̀: nínú àwọn tí ọmọ ogun inú ara wọn ń gbógun ti ara onílé, bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni obìnrin. Mi ò ní sọ pé AIRE nìkan ni ìdí rẹ̀, àwọn jíìnì tí a bí mọ́ wa ní ọwọ́ tiwọn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bọ́gbọ́n mu pé bí olùdánwò bá ń fo ìbéèrè, ajá abùnijẹ díẹ̀ á rí ọ̀nà jáde.

Oyún ni ibi tí gbogbo èyí ti di ẹwà. Táímọ́ọ̀sì aboyún máa ń sún kì gan-an, progesterone, họ́mónù oyún, sì wà lára àwọn tó ń fà á. Ẹni tó bá rí i láìmọ̀dí lè rò pé ara ń tú ogun rẹ̀ ká nítorí ọmọ tó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀, ti bàbá ni. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2021 fi hàn nínú eku pé họ́mónù oyún ń sọ fún ọ̀gá pé kó fi kún àwọn ọlọ́pàá tó ń pẹ̀tù. Nígbà tí wọ́n dí ọ̀gá létí, tí kò gbọ́ ìròyìn náà, oyún púpọ̀ bàjẹ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá sì lọ sókè bíi ti obìnrin tí oyún fún ní àìsàn àtọ̀gbẹ. Táímọ́ọ̀sì tó kéré yẹn kò sùn. Iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n rán an.

Àwọn họ́mónù tó ń gbé táímọ́ọ̀sì ró náà wà. Họ́mónù ẹṣẹ́ ọ̀fun jẹ́ ọ̀kan: bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, táímọ́ọ̀sì lè wú, yóò sì rọlẹ̀ bí wọ́n bá wo ọ̀fun náà sàn. Wàrà ọmú náà ní ohun kan nínú: ní Denmark, 1996, wọ́n fi ẹ̀rọ wo àyà àwọn ọmọ oṣù mẹ́rin, ti àwọn tó ń mu ọmú nìkan sì tó ìlọ́po méjì ti àwọn tó ń mu wàrà inú agolo. Họ́mónù ìdàgbàsókè ni gbajúmọ̀ inú wọn. Ní 1986, wọ́n lọ́ sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é sára eku arúgbó, táímọ́ọ̀sì tó ti di ọ̀rá sì tún kún fún sẹ́ẹ̀lì. Ní 2008, wọ́n fún àwọn àgbàlagbà tó ní kòkòrò HIV ní họ́mónù yìí, táímọ́ọ̀sì wọn tóbi sí i. Ní 2019 ni èyí tó gba orí ìwé ìròyìn jáde, ti àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án ní Kalifóníà, ẹni ọdún 51 sí 65, tí wọ́n gba họ́mónù ìdàgbàsókè pẹ̀lú oògùn méjì mìíràn fún ọdún kan. Fọ́tò fi hàn pé ọ̀rá inú táímọ́ọ̀sì púpọ̀ nínú wọn dínkù. Mẹ́sàn-án o! Kò sì sí ẹgbẹ́ kejì tí wọn kò fún ní oògùn, tí a lè fi wọ́n wé. Mo fẹ́ràn irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe fẹ́ràn òórùn ọbẹ̀: ó ń sọ pé nǹkan wà lórí iná, kò tíì yó ẹnikẹ́ni.

Ṣé àgbàlagbà tilẹ̀ nílò táímọ́ọ̀sì? Títí di àìpẹ́, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ló máa ń gé e jù nù láti rí ọ̀nà dé ọkàn, bí mo ṣe ju ti bàbá ọjọ́sí nù. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ní Boston wo ìwé àgbàlagbà 1,146 tí wọ́n yọ tiwọn, wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ abẹ kan náà láyà láìyọ táímọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti kú nínú àwọn ti ìṣáájú, 2.8 nínú àwọn ti ìkejì. Jẹjẹrẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Lóòótọ́, ó lè jẹ́ pé àìsàn tó mú kí wọ́n yọ ọ́ ní ọwọ́ nínú rẹ̀, mi ò sì ní kí ẹni tí dókítà rẹ̀ bá ní kó yọ ọ́ má yọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ka ìwé yẹn, mi ò pè é ní ọ̀rá lásán mọ́.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Mo kọ méjì síbí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ mọ ibi tó ti lè ra họ́mónù ìdàgbàsókè. Mo sọ fún un pé ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ìdí tí wọ́n fi pa á pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn ní Kalifóníà nìyẹn, àti pé ohun tó ń sọ fún táímọ́ọ̀sì pé kó dàgbà lè sọ bẹ́ẹ̀ fún jẹjẹrẹ tó fara pamọ́. Ojú rẹ̀ sọ fún mi pé inú rẹ̀ kò dùn sí mi.

Ìyá àgbà kan dìde lẹ́yìn. Ó ní ọmọ ọmọ òun ń lo prednisolone, oògùn tó ń ṣiṣẹ́ bíi cortisol, fún ọ̀rọ̀ kíndìnrín, ó sì ti gbọ́ lẹ́nu mi pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń pa ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ṣé kí wọ́n dá a dúró? Mo ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Mà. Tí oògùn yẹn bá ti wà lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹṣẹ́ orí kíndìnrín ọmọ náà á ti sùn, kò ní lè ṣe cortisol tirẹ̀ lójijì. Ẹni tó bá gé e kúrò lẹ́ẹ̀kan náà lè fi ẹ̀mí ọmọ náà sínú ewu. Dókítà rẹ̀ ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Táímọ́ọ̀sì rẹ̀ á gbẹ díẹ̀ báyìí, á sì padà, ọmọdé ni, ọ̀gá rẹ̀ ṣì pọ̀ nílé."

Ó mi orí, ó fẹ́ jókòó, ó tún dìde. Ó gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀. "Dókítà, èmi ńkọ́? Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Ọ̀rá ni tèmi?"

Mo ní, "Púpọ̀ nínú rẹ̀, Mà. Ṣùgbọ́n abúlé wà níbẹ̀."